Iyanrìn tí a fi mòríńgà pa lára láti sẹ́ omi Odò Ògùn: kí ló dé tí omi fi ń rú padà?

Olùkọ́_Ìbarà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta níbí fẹ́ ṣe asẹ́ kékeré fún omi Odò Ògùn, èyí tí wọ́n ń pọn lápá Láfẹ́nwá. Kì í ṣe iyanrìn lásán o, iyanrìn tí a ti rẹ sínú omi hóró mòríńgà ni. Òye tí mo ní ni pé ara iyanrìn ní chájì nẹ́gẹ́tíìfù (−), purotíìnì inú hóró mòríńgà ní pọ́sítíìfù (+), amọ̀ tó mú kí odò rú náà sì jẹ́ (−). Purotíìnì á lẹ̀ mọ́ iyanrìn, amọ̀ á lẹ̀ mọ́ purotíìnì, omi á tòrò. Ibẹ̀ yé mi.

Ibi tó ta kókó nìyí. Omi tó kọ́kọ́ ń jáde máa ń mọ́ kedere. Tó bá ṣe díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rú padà títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí èyí tí a dà sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ṣì ń ṣàn geere, asẹ́ ò dí rárá. Ṣé purotíìnì ló ń bọ́ kúrò lára iyanrìn ni? Ṣé kí a fi hóró kún un? Ẹnì kan tún ní omi iyọ̀ ni kí a fi fún oje mòríńgà, pé iyọ̀ ń jẹ́ kó jáde dáadáa. Ṣé òótọ́ ni? Báwo sì ni a ṣe lè mọ̀ pé iyanrìn ti gba purotíìnì láìsí ẹ̀rọ ńlá? Ohun tó wà nílẹ̀: ike ọ̀dà oní-20 lítà, iyanrìn bíi 10 kg, òṣùwọ̀n oúnjẹ, àti mítà EC kékeré (èyí tó ń wọn bí omi ṣe ń gbé iná, ìyẹn bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó).

Bọ̀dá_Kọ́lọ́ìdì:

Olùkọ́, ẹ kú làálàá. “Asẹ́ ò dí, omi sì ń rú”: ẹ ti fẹnu ara yín sọ ohun tó ń ṣe é. Asẹ́ tó ń fi ihò dá ìdọ̀tí dúró máa ń dí ni. Tiyín kì í fi ihò ṣiṣẹ́. Bí iyanrìn bá jẹ́ 0.5 mm, ibi tó há jù láàárín wọn ṣì tó bíi 0.08 mm, bẹ́ẹ̀ hóró amọ̀ kì í ju 0.002 mm lọ. Ọ̀nà náà fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po ogójì. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá amọ̀ dúró ni pé ó lẹ̀ mọ́ ara iyanrìn. Bí ara iyanrìn bá ti kún, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí ibi lẹ̀ mọ́, ó kọjá lọ.

Kí ló dé tí kò fi gun orí èyí tó wà níbẹ̀? Nítorí pé amọ̀ (−) tó ti jókòó ń lé amọ̀ (−) tó ń bọ̀. Chájì tó fà á wá náà ló ń dènà kí ó ju ipele kan lọ. Ipele kan yẹn gan-an kì í kún dé ẹnu: bí hóró rìbìtì bá ń bà síbi tó bá rí, tí kò sì lè sún fún ara rẹ̀ mọ́, ojú á ti kún nígbà tó bá bo nǹkan bíi 55% péré. Èyí tó kù jẹ́ àlàfo wẹ́wẹ́ tí kò gba òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ojú ìta 1 kg iyanrìn oní-0.5 mm jẹ́ 6 ÷ (2650 × 0.0005), ìyẹn bíi 4.5 m². Tí hóró amọ̀ oní-1 µm (ìdá ẹgbẹ̀rún mílímítà kan) bá bo ìdajì rẹ̀, gbogbo ohun tó lè gbà jẹ́ bíi 4 g. Tí hóró náà bá jẹ́ 0.2 µm, kò ju 0.8 g lọ, torí ìwọ̀n tí ojú kan ń gbà ń dín kù bí hóró ṣe ń kéré sí i. Ẹ wá mú omi odò ìgbà òjò tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 200 mg/L. 10 kg iyanrìn yín á gba 40 g tí amọ̀ bá tóbi díẹ̀, ìyẹn 200 lítà omi. Tó bá jẹ́ amọ̀ wẹ́wẹ́ ni, 40 lítà péré, ó parí. Ìṣirò orí ìwé nìyí o. Ara iyanrìn tó rí gbágungbàgun lè fi díẹ̀ kún un, amọ̀ tó rí pẹlẹbẹ á sì dín in kù. Àmọ́ ẹ ti rí i pé kì í ṣe ohun tó ń lọ títí.

Nítorí náà, fífi hóró mòríńgà kún un kò ní fi àyè kún àyè. Ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ ni kí ẹrẹ̀ dín kù kó tó dé asẹ́. Ẹ gbé omi kalẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù di ọjọ́ kejì, ẹ má ru ìsàlẹ̀ rẹ̀. Hóró oní-10 µm ń já wálẹ̀ bíi 38 cm ní wákàtí kan. Oní-2 µm ń já bíi 1.5 cm. Oní-0.2 µm ńkọ́? Kò tó ìdá márùn-ún mílímítà kan, ìyẹn kò ní sọ̀kalẹ̀ láéláé. Òun gan-an ni kí ẹ fi iyanrìn olówó iyebíye yín dè.

Ọ̀rọ̀ kejì ni bí omi ṣe ń yára kọjá. Àwọn èèyàn máa ń rò pé chájì lè na ọwọ́ mú amọ̀ láti òkèèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára rẹ̀ kò ju nánómítà (ìdá ẹgbẹ̀rún µm) mélòó kan lọ nínú omi. Ohun mìíràn ló gbọ́dọ̀ gbé hóró náà dé ẹ̀gbẹ́ iyanrìn kí chájì tó gbà á mú: àwọn tó kéré gan-an ń rìn gbéregbère débẹ̀ fúnra wọn, àwọn tó tóbi ń já lé e. Àwọn tó wà ní àárín, ní bíi 1 µm, ló le jù láti mú, nítorí wọ́n tóbi ju ẹni tó ń rìn gbéregbère, wọ́n sì fúyẹ́ ju ẹni tó ń já wálẹ̀. Yao, Habibian àti O'Melia ti fi èyí hàn láti 1971. Omi tó bá ń sáré kò ní jẹ́ kí wọ́n débẹ̀.

Ike ọ̀dà yín gan-an kò dára fún un. Ìbú rẹ̀ tó 30 cm. 10 kg iyanrìn nínú rẹ̀ kò ju 9 cm lọ láti òkè dé ilẹ̀. Omi á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ẹ̀gbẹ́ ike kọjá. Ẹ kó iyanrìn kan náà sínú páìpù oní-ínṣì mẹ́rin, á ga tó 80 cm. Ẹ wá ti ẹnu rẹ̀ títí omi tó ń jáde kò fi ní ju lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ ní wákàtí kan. Ó lọ́ra, mo mọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fi ìkánjú sẹ́ ẹ.

Ìyá_Olómi_Àsẹ́rò:

Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá dá mi lójú, àmọ́ Olùkọ́ ò sọ bí wọ́n ṣe pa iyanrìn náà lára, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo iyanrìn. Iyanrìn odò tó funfun tàbí tó rí bí eérú ni kí ẹ wá. Iyanrìn pupa tí àgbàrá kó wá sẹ́bàá títì kò dára: ohun tó sọ ọ́ di pupa ni ìpẹtà irin tó bò ó lára, ìpẹtà irin kò sì ní chájì (−) gidi nínú omi bíi tiwa. Ó lè jẹ́ (+) díẹ̀ pàápàá. Purotíìnì (+) kò ní rí ohun dì mú níbẹ̀. Ẹ̀tù òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà, ẹ fi sílẹ̀. Ìlú wa kún fún un, ó sì rọrùn láti rí, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ á máa ru omi.

Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn jọ̀ ọ́ kí òkúta ńlá lè kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ bu omi sí i, ẹ fọwọ́ ra á, ẹ da omi ẹrẹ̀ nù. Ẹ máa tún un ṣe títí omi tó ń dà kúrò lórí rẹ̀ yóò fi mọ́. Lẹ́búlẹ́bú tí ẹ bá fi sílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gba purotíìnì, á sì bá omi jáde. Tó bá ṣì pọ́n díẹ̀, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé ìwádìí fi ásíìdì HCl 10% rẹ ẹ́ mọ́jú, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kó sì ṣàn án títí pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) omi tó ń jáde yóò fi bá ti omi tó ń wọlé dọ́gba. Ásíìdì bátìrì ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kó fún ọmọ ilé ìwé o.

Hóró mòríńgà: èyí tó gbó, tí èèpo rẹ̀ ti gbẹ, tó sì ti pọ́n rúsúrúsú. Ẹ ṣí èèpo oníyẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúrò, ẹ̀kúrọ́ funfun inú rẹ̀ ni iṣẹ́. 10 g rẹ̀, tí á tó nǹkan bí àádọ́ta hóró, ni kí ẹ gún kúnná sínú omi lítà kan. Bí ẹ bá lè fún òróró rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó gún un, ó dára gan-an, torí ó ju ìdá mẹ́ta ẹ̀kúrọ́ náà lọ tó jẹ́ òróró, òróró yìí á sì bo iyanrìn lára bí ọ̀rá inú ìkòkò ọbẹ̀ tí a kò fọ̀ tán. Ẹ rò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi aṣọ funfun onílọ̀ọ́po méjì sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tòrò bíi ogún ìṣẹ́jú, ẹ rọra da ti òkè, ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ lò ó. Nínú ooru wa níbí, tó bá di ọjọ́ kejì á ti máa kan.

Lítà kan fún 2 kg iyanrìn. Ẹ má kó 10 kg pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣe é ní díẹ̀díẹ̀ nínú báàsì. Ẹ fọwọ́ yí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ da omi náà nù, kí ẹ wá ṣàn án. Ṣíṣàn yìí ni wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ohun tí ara iyanrìn lè gbà nínú purotíìnì náà jẹ́ mílígíráàmù mélòó kan lórí 1 m², ìyẹn ò ju bíi 10 mg sí 20 mg fún 1 kg. Ẹ ti da ohun tó ju ìyẹn lọ fíìfíì sí i. Gbogbo ìyókù (ṣúgà, òróró, purotíìnì mìíràn tí kò ní chájì tó yẹ) ló wà nínú omi náà, oúnjẹ kòkòrò sì ni. Tí ẹ ò bá ṣàn án kúrò, omi tí ẹ sẹ́ á máa rùn tó bá sùn mọ́jú. Ìgbà márùn-ún ó kéré tán, títí kò fi ní hó mọ́ tí ẹ bá mì í nínú ìgò. Ẹ má fi ọṣẹ ṣe é!

Ìdí tí iyanrìn yìí fi sàn ju kí a da ẹ̀tù mòríńgà tààrà sínú omi mímu nìyẹn. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà gbé e jáde ní 2012: purotíìnì tó wúlò dúró sára iyanrìn, ìdọ̀tí tó kù bá omi ìṣàn lọ, kòkòrò E. coli tó sì lẹ̀ mọ́ iyanrìn náà kú síbẹ̀.

Olùkọ́_Ìbarà:

Ẹ ṣeun gan-an mà, ẹ ṣeun sà. Ìbéèrè kan ló bí òmíràn. Omi kànga ilé ẹ̀kọ́ la fi ń fún hóró, òun náà la fi ń ṣan iyanrìn. EC odò jẹ́ 110 µS/cm, ti kànga jẹ́ 640. Ṣé ó ní ohun tó ń bàjẹ́? Ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ yẹn náà ò tíì yanjú.

Bọ̀dá_Kọ́lọ́ìdì:

Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ẹ fi kànga sílẹ̀, omi òjò tàbí píọ̀ wọ́tà ni kí ẹ lò fún fífún àti ṣíṣàn.

Áyọ́ọ̀nù iyọ̀ inú omi (ègé iyọ̀ wẹ́wẹ́ tó ní chájì) máa ń kóra jọ yí chájì ká, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀. Bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ibi tí chájì lè dé ṣe ń kúrú tó. Ẹ lè fi mítà yín ṣírò rẹ̀: EC (µS/cm) lọ́nà 0.000016 á fún yín ní agbára áyọ́ọ̀nù ní mole fún lítà kan. Ẹ wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì rẹ̀, ẹ fi pín 0.304, ìdáhùn jẹ́ nánómítà. Odò yín: 7 nm. Kànga yín: 3 nm. Omi iyọ̀ oní-35 g/L: 0.4 nm, ìyẹn kò ju ìbú molikúùlù omi kan àti díẹ̀ lọ.

Nínú 3 nm, purotíìnì ṣì máa lẹ̀, àmọ́ kì í ṣe kíkúrú yìí nìkan ni ìṣòro kànga. Kálísíọ́mù ló sábà máa ń wà nínú omi kànga tó le, chájì rẹ̀ sì jẹ́ méjì (2+), òun fúnra rẹ̀ ń lọ jókòó sójú (−) iyanrìn kí purotíìnì tó dé. Nínú ìṣirò, áyọ́ọ̀nù oníchájì méjì lè lágbára tó ìlọ́po mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ti oníchájì kan nínú bíborí bí àwọn hóró ṣe ń lé ara wọn. Ìyẹn 2 ní agbára 6.

Ní ti omi iyọ̀: ẹni tó sọ ọ́ kò parọ́, ibi tí a ti ń lò ó ni kò sọ. Iyọ̀ ń fa purotíìnì jáde nínú hóró dáadáa. Tó bá jẹ́ pé inú omi ẹrẹ̀ tààrà lẹ máa da oje náà sí, 1 mL nínú lítà kan, iyọ̀ náà ti di aláìlágbára níbẹ̀, kò ní dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá da oje oníyọ̀ lé iyanrìn, inú iyọ̀ tó pọ̀ ni iyanrìn àti purotíìnì ti máa pàdé, wọn ò sì ní mọ ara wọn. Ní ilé ìwádìí, omi iyọ̀ oní-0.6 mole fún lítà kan (35 g/L náà nìyẹn) ni wọ́n fi ń ṣí purotíìnì mòríńgà yìí kúrò lára ohun (−) tó ti lẹ̀ mọ́. Kò sí bí ohun tí a fi ń ṣí ṣe máa jẹ́ ohun tí a fi ń lẹ̀. Tí ẹ bá ti fi iyọ̀ fún un tẹ́lẹ̀, ẹ fi omi òjò là á ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún kẹ́ ẹ tó da iyanrìn sí i, àmọ́ oje á ti dín kù púpọ̀. Ẹ kúkú fún òmíràn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í gbà gbọ́: iyọ̀ díẹ̀ nínú omi tí ẹ ń sẹ́ kò burú. Hóró amọ̀ nínú omi tí kò níyọ̀ rárá dà bí èrò dánfó tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ sí àyè ẹni kejì: àga fún mẹ́rin, èèyàn méjì péré ló jókòó. Iyọ̀ díẹ̀ á mú kí wọ́n ká ẹsẹ̀ kò, ojú kan náà á wá gba púpọ̀ sí i. Iyọ̀ tó pọ̀ ju ìyẹn lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú omi kí wọ́n tó dé iyanrìn.

Ẹ bi mí bóyá purotíìnì ló ń bọ́. Nínú omi odò oní-110 yẹn, kò jọ bẹ́ẹ̀. Ojúkò púpọ̀ ló fi di iyanrìn mú lẹ́ẹ̀kan náà, pH tí chájì rẹ̀ á fi pòórá sì ju 10 lọ, ti iyanrìn kò ju 2 sí 3. Láàárín pH 6 sí 8, ọ̀kan (+) ọ̀kan (−) ni wọ́n á máa jẹ́.

Ẹ lè lo ohun tó ń ṣí i yẹn fún àǹfààní ara yín, nígbà tí asẹ́ bá kún. Ẹ da iyanrìn padà sínú báàsì, ẹ fi omi iyọ̀ 35 g/L rẹ ẹ́ fún wákàtí kan, ẹ ra á dáadáa, amọ̀ àti purotíìnì á kúrò pọ̀. Ẹ ṣàn án títí EC omi tó ń jáde yóò fi padà sí ti omi ìṣàn, kí ẹ tó tún un pa lára. Tí ẹ bá fo ìṣàn yẹn, ẹ ti fi iyọ̀ sí oje yín nìyẹn.

Kẹ́místrì_Kémta:

Ẹ jẹ́ kí n dá Olùkọ́ lóhùn lórí àyẹ̀wò, torí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Síríńjì oní-20 mL méjì. Ẹ fi ègé síọ́kísì náílọ́ọ̀nù dí ẹnu ìsàlẹ̀. Kí ó má jẹ́ òwú o, òwú fúnra rẹ̀ ní chájì (−) díẹ̀, á dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Iyanrìn tí a fọ̀ lásán nínú ọ̀kan, tí a ti pa lára nínú èkejì, 15 g nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ mú kọ́lọ̀ búlúù tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Kọ́lọ̀ yẹn jẹ́ (−). Ẹ là á títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́, bíi 2 mg/L. Ibi tí èèyàn ti ń ṣì í nìyí: ojú ìta 15 g iyanrìn kò ju 0.07 m² lọ, kọ́lọ̀ tó lè gbà kò tó 0.1 mg. Tí omi yín bá búlúù bí aṣọ yúnífọ́ọ̀mù, ìyàtọ̀ ò ní hàn, ẹ ó sì sọ pé mòríńgà ò ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí 20 mL kán kọjá. Lábẹ́ iyanrìn lásán, búlúù á jáde bó ṣe wọlé. Lábẹ́ èyí tí a pa lára, ìkán àkọ́kọ́ á mọ́ gaara.

Àwọn kan ń lo GV, oògùn elésè àlùkò tí a fi ń pa egbò, nítorí ó jẹ́ (+), ó ń lẹ̀ mọ́ iyanrìn lásán. Ó dára fún fífi han àwọn ọmọ pé iyanrìn tí a kò ṣe nǹkan sí ní chájì (−). Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣèdájọ́ iyanrìn tí a pa lára: GV fẹ́ràn òróró àti purotíìnì láìka chájì sí, ó lè pa á láró díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ (+). Búlúù ni kí ẹ gbà gbọ́.

Tí búlúù bá lẹ̀ ṣùgbọ́n tí omi amọ̀ kọjá, ẹ̀bi kò sí lára purotíìnì, omi ń sáré jù ni. Tí búlúù fúnra rẹ̀ bá kọjá, ẹ padà sórí òróró, iyanrìn pupa, tàbí omi kànga.

Fún omi amọ̀, amọ̀ ìkòkò ìka méjì nínú lítà kan, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, èyí tó rí bí omi ọ̀gì lókè ni kí ẹ lò.

Aláró_Ìtòkú:

Ẹ dákun, ṣé bí aró ṣe ń mú aṣọ náà nìyí? Mo rí chájì, mo rí iyọ̀, mo ní bóyá ọ̀rọ̀ wa ni.

Kẹ́místrì_Kémta:

Rárá, ìyá wa, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Aró tó ti di búlúù kò ní chájì, kò sì lè yòrò nínú omi. Inú ìkòkò tó ní kọ́sítíìkì àti haidirosọ́fáìtì ló ti ń yòrò, tó ń di aláwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú. Níbẹ̀ chájì rẹ̀ jẹ́ (−), ti aṣọ òwú náà jẹ́ (−), chájì kọ̀ wọ́n fún ara wọn. Ó wọ inú okùn òwú lọ nítorí ohun mìíràn, afẹ́fẹ́ sì sọ ọ́ di búlúù síbẹ̀, kò lè jáde mọ́. Àwọn àwọ̀ kan tó ń béèrè iyọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ni kí iyọ̀ lè borí bí (−) àti (−) ṣe ń lé ara wọn yẹn.

Ìyá_Olómi_Àsẹ́rò:

Olùkọ́, ó ku ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù, torí ẹ ó nílò rẹ̀ tí òjò bá dé tí odò bá pọ́n. Ẹ tú 10 g sínú omi lítà kan. 1 mL rẹ̀ nínú lítà omi odò kan jẹ́ 10 mg/L. Ẹ to ìgò mẹ́fà: 10, 20, 30, 40, 60, 80. Ẹ fi agbára rò ó fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rọra rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tó kéré jù nínú àwọn tó tòrò ni kí ẹ mú. Ẹ ṣọ́ pH kó má lọ sábẹ́ 6, torí álọ́ọ̀mù ń mú omi kan.

Ẹ má sọ pé ẹ ó fi díẹ̀ lé e. Álọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù á bo amọ̀ pátá, amọ̀ tó jẹ́ (−) á di (+), wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn, omi á rú padà. Àpọ̀jù ẹ̀tù mòríńgà ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀fìn kejì ló wá burú jù fún yín: tí ẹ bá da irú omi bẹ́ẹ̀ sórí iyanrìn tí ẹ ti pa lára, hóró (+) ti bá ojú (+) pàdé, kò sí èyí tó máa lẹ̀. Mo mọ àwọn tó máa ń pààrọ̀ iyanrìn nígbà tó jẹ́ pé álọ́ọ̀mù ni kí wọ́n dín.

Ohun mẹ́ta ló tún ń pa iyanrìn yìí láìpé ọjọ́. Ọṣẹ oníyẹ̀fun: ó jẹ́ (−), á lẹ̀ mọ́ purotíìnì á sì yí ojú rẹ̀ padà, nítorí náà ẹ má pọn omi níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Bílíìsì: á jẹ purotíìnì run. Ìkẹta ni omi tó dúdú bíi tíì nítorí ewé jíjẹrà. Oje ewé yẹn jẹ́ (−), ó kéré gan-an ju amọ̀ lọ, òun ló máa ń yára dé ojú iyanrìn, á gba gbogbo ibẹ̀ kí amọ̀ tó dé. Omi bẹ́ẹ̀ lè má ní ẹrẹ̀ kankan lójú, iyanrìn á sì ti kú. Álọ́ọ̀mù ló yẹ kó kọ́kọ́ mú un.

Nítorí náà, bílíìsì lẹ́yìn asẹ́, kì í ṣe ṣáájú. Tó bá jẹ́ oní-3.5% tí kò ní òórùn dídùn, 1.2 mL pẹ̀lú síríńjì fún 20 lítà omi tó ti mọ́, ó jẹ́ bíi 2 mg/L. Ẹ rò ó, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó yẹ kí 0.5 mg/L ṣì ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò fún omi ìwẹ̀ ńlá máa fi í hàn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan mu omi asẹ́ náà láìṣe èyí tàbí láìsè é, bó ti wù kó mọ́ tó.

Lítà márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tún iyanrìn pa lára, ẹ dà á nù. Kí ẹnì kan máa kọ iye lítà tó ti kọjá sílẹ̀ pẹ̀lú EC odò lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ìkọ̀wé sábẹ́ ìgò omi tó ń jáde, kí ẹ máa wò ó láti òkè; tó bá ti ń ṣú, ẹ má dúró kó rú tán, ẹ kó iyanrìn jáde lọ sínú omi iyọ̀.

Olùkọ́_Ìbarà:

Páìpù oní-ínṣì mẹ́rin ti wà nílẹ̀. Ṣé kí a fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí iyanrìn má bàa bọ́?

Bọ̀dá_Kọ́lọ́ìdì:

Bẹ́ẹ̀ ni, 5 cm, èyí tí a ti fọ̀, tó jẹ́ 2 mm sí 4 mm. Ẹ kọ́kọ́ da omi sínú páìpù kí ẹ tó máa rọ iyanrìn sí i díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sáàárín. Kí ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde ga ju orí iyanrìn lọ ní ìka méjì, kó má bàa gbẹ.